Ìlà Mọ́kànlá

Ẹni tó bá rò pé kóòdù òun kéré jù láti fi ta ayé lọ́rẹ kò tíì gbọ́ nípa package tó ń jẹ́ left-pad. Ìlà 11 péré ni. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó fi àlàfo síwájú ọ̀rọ̀ títí yóò fi gùn tó. Ní oṣù Kẹta 2016, ilé-iṣẹ́ kan bá ẹni tó kọ ọ́ du orúkọ package rẹ̀ mìíràn. Baba bínú, ó palẹ̀ gbogbo ẹrù rẹ̀ mọ́ kúrò lórí npm, ibi tí àwọn tó ń kọ kóòdù ti ń pín package. Ni àwọn irinṣẹ́ ńlá bá fara gbá a: Babel dákú, React ń mí hẹlẹhẹlẹ. Nítorí àlàfo! npm fúnra wọn ló sáré dá a padà. Síbẹ̀, ẹ fi ìlà kan ṣoṣo ránṣẹ́ sí iṣẹ́ kóòdù kan lónìí, àwọn alábòójútó rẹ̀ á ní ẹ kọ́kọ́ kọ test, ẹ yọ semicolon. Ẹlòmíràn á yọjú, á ní ta ló ní kí ẹ yọ ọ́.