Bọ̀dá Ṣebí-Ìṣó-Náà-Ni

Ẹ ó bá a ní Maryland, ẹ ó bá a ní Houston, níbikíbi tí ọmọ Yorùbá bá ti ra ilé tó ní ẹ̀yìnkùlé. Ìdí kọ̀ǹpútà ló ń jókòó sí láti Mọ́ńdè dé Fúráídè. Tó bá di Sátidé, ó di káfíńtà. Ìyàwó rẹ̀ ní kí àwọn pe oníṣẹ́. Ó ní, “Kí ni wọ́n fẹ́ ṣe tí mi ò lè ṣe? Ṣebí ìṣó náà ni!”

Pèpéle onípákó tí wọ́n ń pè ní dẹ́ẹ̀kì ló ń kàn sẹ́yìn ilé, torí ọjọ́ ìbí àádọ́ta ọdún rẹ̀ ti ń bọ̀. Kò ṣahun sí ohun tí àlejò máa rí o: iná aláràbarà wà, àga tuntun wà, àyè DJ náà wà. Ìgbà tó kan háńgà, irin tó gbá igi ìdábùú mú mọ́ igi ara ilé, ni ìṣọ́wóná dé. Ó wọ gáréèjì lọ, ó gbé páálí súkúrù dúdú tó ṣẹ́ kù nígbà tó ń kan ògiri yàrá ọmọ.

Súkúrù ògiri le, àmọ́ kò lágbára àtifarada ẹrù. Bí ìwúwo bá tì í láti ẹ̀gbẹ́, kì í tẹ̀, ńṣe ló ń kán. Ìṣó tí ọ̀pọ̀ háńgà ń béèrè fẹ̀ ní 0.148 ínǹṣì, ó gùn ní ínǹṣì 3. Ẹni tó bá fẹ́ súkúrù dandan, kó ra èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún háńgà. Ihò kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pọ̀ háńgà tó dagun: ìṣó ibẹ̀ ní láti la igi ìdábùú kọjá kó tó wọ igi ara ilé. Ìṣó ínǹṣì kan ààbọ̀ kò lè débẹ̀ láé. Súkúrù dúdú ni ọ̀gá wa wá fi síbẹ̀.

Àbúrò rẹ̀ kan tó ń ṣiṣẹ́ ilé kíkọ́ yọjú.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, súkúrù yìí ò ṣeé lò síbí.”

“Ìwọ, ọdún wo lo dé Amẹ́ríkà?”

Àbúrò ò fèsì. Ó mú òòlù, ó gbá súkúrù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, orí rẹ̀ já bọ́ sínú koríko. Ẹ̀gbọ́n tẹ̀ ba, ó ṣà á, ó yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. “Èyí kan ni ò dáa nínú wọn.”

Ọ̀rọ̀ ìpáàrà ńkọ́? Láti ìparí ọdún 2003 làwọn tó ń po oògùn sí igi ti pa èyí tó ní ásẹ́níìkì tì fún igi ilé gbígbé. Bàbà ló pọ̀ nínú èyí tó rọ́pò rẹ̀, bàbà yìí sì máa ń jẹ irin. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí ìṣó jẹ́ èyí tí wọ́n rì sínú síńkì gbígbóná, tàbí irin tí kì í dógùn-ún, kó sì bá irú háńgà mu. Owó páálí ìṣó bẹ́ẹ̀ kan kò tó owó gèlè ìyàwó bọ̀dá wa.

Òfin ilé kíkọ́ ní kí ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin kan lè gbé pọ́n-ùn 40. Pèpéle tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 ní fífẹ̀, 16 ní gígùn, gbọ́dọ̀ lè gbé pọ́n-ùn 7,680, kí olórin tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó máa náwó. Ní Chicago, ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà ọdún 2003, ìloro onígi kan wó lulẹ̀ níbi àríyá, èèyàn 13 kú. Òótọ́ ni pé ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ju ìṣó lọ. Wọn ò gba ìwé àṣẹ kí wọ́n tó kọ́ ọ. Bọ̀dá wa náà ò gbà á. Ó ní ẹ̀yìnkùlé òun ni.

Bó bá pè yín, ẹ lọ, torí ọbẹ̀ ìyàwó rẹ̀ dùn. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ wo abẹ́ pèpéle. Bí ẹ bá rí orí súkúrù dúdú nínú háńgà, ẹ gbé àga yín sórí koríko, ẹ jẹun yín níbẹ̀.