Ọpẹ́ Tí Bàbá Ò Dú

Bí ọmọdé bá dúpẹ́ oore àná, á rí òmíràn gbà. Òwe àgbà nìyẹn, kò sì sí irọ́ níbẹ̀. Àmọ́ àwa òbí òde òní gbọ́ pé ọmọdé ni wọ́n dárúkọ, la bá fẹ̀yìn tì: kò bá àwa wí. Tiwa ni ká ṣoore, tiwọn ni kí wọ́n dúpẹ́. Ọ̀dọ́langba tó bá kọ̀, a ó fi tipátipá kọ́ ọ, pàápàá bí ọdún bá ti dé tòsí.

Ẹ wá wo ilé kan lálẹ́ ọjọ́ Àráfà, tí Iléyá ku ọ̀la. Bàbá ti gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó na ìwé àti bírò sí i. "Kọ nǹkan mẹ́wàá tí o tìtorí rẹ̀ dúpẹ́. Má kọ ìkọkúkọ o." Ó gbọ́ ọ lẹ́nu kóòṣì kan lórí WhatsApp pé ìyẹn ló ń jẹ́ kí ọmọ máa ro rere. Ọmọ kọ "ìlera". Ó kọ "òbí mi". Ó kọ "dátà", ó rántí pé dátà ti tán, ó fagi lé e. Bó ṣe ń wá ẹ̀kẹta kiri, bàbá ti bẹ̀rẹ̀ sí í jágbe lórí fóònù mọ́ ẹni tó ta àgbò fún un: "Ṣé àgbò lẹ pe eléyìí? Ti ará òkè wa tó èyí ní ìlọ́po méjì! Ẹ jà mí lólè!" Ó sọ fóònù kalẹ̀, ó yíjú sí ọmọ: "O ò tíì kọ mẹ́wàá?"

Ọmọ ní ṣòkòtò ọdún òun kúrú. Ìyá dá a lóhùn pé, "A kì í sọ̀rọ̀ òdì lásìkò ọdún, máa ro rere." Ṣòkòtò tó kúrú, bí a ro rere títí di Ìtúnu Ààwẹ̀, kò ní gùn sí i.

Ìwé kíkọ ò ṣẹ̀ mí o. Lọ́dún 2003, Robert Emmons àti Michael McCullough tẹ ìwádìí jáde ní Amẹ́ríkà pé inú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ ohun tí wọ́n dúpẹ́ fún dùn ju ti àwọn tó ń kọ ìyọnu wọn lọ. Lọ́dún 2008, Emmons àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán an wò lára àwọn ọmọ 221 tí wọ́n wà ní kíláàsì kẹfà àti ìkeje, èsì rẹ̀ sì dára. Ṣùgbọ́n kò síbi tí wọ́n ti ní kí bàbá máa bú alágbò létí ọmọ tó ń kọ ọ́.

Bẹ́ẹ̀, Iléyá fúnra rẹ̀ ti tó ilé ẹ̀kọ́. Ọ̀nà mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ ń pín ẹran sí: ti ará ilé, ti ẹbí òun ọ̀rẹ́, ti aláìní. Nígbà kan, ọmọ ló máa ń gbé e kiri. Á gbé abọ́ tí wọ́n dé ní ìdérí lọ sọ́dọ̀ onígbàgbọ́ tó wà nílé kejì, á kúnlẹ̀: "Ẹ kú ọdún mà. Màámi ní kí n gbé e wá." Abọ́ kì í padà lófìfo, bí kò bá sí nǹkan mìíràn, bisikíìtì á wà níbẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ìyá onígbàgbọ́ á ti kan ilẹ̀kùn: "Ẹ ṣeun àná o. Ẹran yín dùn!" Ọmọ ń wò, ọmọ ń gbọ́. Tó bá di Kérésìmesì, ìrẹsì á gba ọ̀nà kan náà padà wá. Kò sẹ́ni tó pè é ní ẹ̀kọ́, ó sì wọ ọmọ lára.

Lónìí, ẹran ti kún firísà, a ò mọ orúkọ ará ilé kejì. Ọmọ ò gbé abọ́ lọ síbì kankan, fọ́tò àgbò ló gbé sórí status, ó kọ "Alhamdulillah" sí i nígbà tí àgbò ṣì ń jẹko. Níbo ló ti fẹ́ rí ẹni tó ń dúpẹ́? Ọmọ ọ̀dọ̀ ti ń gé àlùbọ́sà láti ìdájí, kò sẹ́ni tó kí i kú iṣẹ́. Ọmọkùnrin tó bá wa sun àgbò, tó fọ ìfun rẹ̀, dárúkọ owó rẹ̀, bàbá ní: "Ṣé ìwọ lo bí àgbò náà ni?" Òwú tí ìyá gbọ̀n lọmọ ń ran, èyí tí bàbá dì pọ̀ ńkọ́?

Iléyá tó ń bọ̀, kí bàbá kọ́kọ́ kọ márùn-ún tirẹ̀, kó sì lọ bá àwọn tó kọ orúkọ wọn lójúkojú. Kó bẹ̀rẹ̀ látorí ẹni tó fọ ìfun. Kó kí i kú iṣẹ́, kó sì san owó rẹ̀ pé.