Bàbá Ìbejì, Fún Mi Lọ́ta!

Àwọn àgbà ní ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún. Ohun tí ojú wọn rí ni wọ́n sọ. Èyí lọ sílé ọkọ, èyí bá iṣẹ́ lọ sí Èkó, ikú sì mú òmíràn. Eré òṣùpá tú ká, kò sẹ́ni tó pe ẹnì kankan lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n ẹ tún òwe náà gbọ́ dáadáa: ọmọdé ló bá wí. Kò sọ nǹkan kan nípa àgbàlagbà méjì tó ti hu ewú nírùngbọ̀n, tí ọ̀kan ń gbé Ìbàdàn, tí èkejì ń gbé Peckham, tí wọ́n ń pariwo síra wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọ̀gànjọ́ òru: "Bàbá Ìbejì, fún mi lọ́ta! Ọta, mo ní!"

Ọ̀rẹ́ mi làwọn méjèèjì, ìdí nìyẹn tí mo fi lẹ́nu láti bú wọn. Géèmù tó so wọ́n mọ́lẹ̀ ni Resident Evil 5, tí iléeṣẹ́ Capcom ti ilẹ̀ Japan gbé jáde ní oṣù kẹta ọdún 2009. Ọ̀kan á jẹ́ Chris Redfield, ará Amẹ́ríkà tí apá rẹ̀ ki pọ́pọ́; èkejì á jẹ́ Sheva Alomar, ọmọbìnrin Áfíríkà. Wọ́n á jọ wọ Kijuju, ìlú àfinúrò kan tí wọ́n ní ó wà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, níbi tí kòkòrò burúkú ti wọ àwọn ará ìlú lára, tí wọ́n ń fi àdá àti àáké lé àlejò kiri. Ẹ wá gbọ́ èdè tí àwọn ará ìhà ọ̀dọ̀ wa yìí ń sọ: Swahili. Kì í ṣe Haúsá, kì í ṣe Wolof. Bóyá gbogbo ọjà Mombasa ló wọ bọ́ọ̀sì kan náà, tí wọ́n gbàgbé láti sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí fídíò ìpolówó rẹ̀ kọ́kọ́ jáde ní 2007, ọ̀pọ̀ èèyàn bínú pé kí ló dé tí aláwọ̀ funfun kan fi ń yìnbọn lu ogunlọ́gọ̀ aláwọ̀ dúdú. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Àwọn ọ̀rẹ́ mi gbọ́ ọ, wọ́n mi orí, wọ́n sì padà sórí ẹjọ́ tó ká wọn lára jù: ta ló kó ọta tó wà lẹ́yìn àgbá yẹn?

Bí o bá na ìbọn nínú géèmù yìí, ẹsẹ̀ rẹ ò lè rìn mọ́. Àfi kó o dúró gbagidi kí aládàá wá bá ọ níbẹ̀. Àyè mẹ́sàn-án ni àpò ẹnì kọ̀ọ̀kan ní. Ẹyin adìẹ kan gba àyè kan. Ìbọn ńlá tó ń ju rọ́kẹ́ẹ̀tì náà gba àyè kan. Ta ló ṣe ìṣirò yẹn? Bí o bá sì ń tú àpò wò, ọ̀tá kò ní dúró dè ọ́. Nínú ibi ìwakùsà tó ṣókùnkùn, ẹnì kan á gbé àtùpà, ẹni tó gbé àtùpà kò sì lè yìnbọn, nítorí náà wọ́n á jiyàn títí lórí ẹni tó kàn. Bí ọ̀kan bá kú, géèmù parí fún àwọn méjèèjì: kò sí opó, kò sí ogún pípín. Àwọn tó bá sì jọ jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo, wọ́n á rí i pé wọ́n gé ojú rẹ̀ sí àpótí kékeré méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, dúdú lásán ló kún ìyókù. Nígbà tó bá yá, Chris á máa fi ẹ̀ṣẹ́ lu àpáta nínú òkè tó ń yọná, àpáta á sì yí. Ẹ má bi mí.

Ẹni tí kò bá ní ọ̀rẹ́, kọ̀ǹpútà á bá a ṣe Sheva. Sheva ti kọ̀ǹpútà yìí lawọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Kí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ṣáà kán lára rẹ, ó ti fín oògùn tó o ń tọ́jú de ọjọ́ ogun. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọ̀rẹ́ tó ti tú ká ti padà rí ara wọn. Ẹnì kan wo ọwọ́ Sheva, ó rántí pé òun ní ẹnì kan nílé ìwé girama tí òun ò tíì pè láti ọjọ́ ìgbéyàwó. "Ó sàn ju kọ̀ǹpútà lọ": oyè tó ga jù tí ọ̀rẹ́ lè jẹ láyé òde òní nìyẹn.

Àwọn bàbá wa náà ṣeré dàgbà, ẹ má jẹ́ ká purọ́ mọ́ wọn. Ihò méjìlá, ọmọ ayò méjìdínláàádọ́ta, lábẹ́ igi, títí ilẹ̀ fi ṣú. Ọ̀ta á máa bú òpè, èrò ìwòran á máa rẹ́rìn-ín, èébú sì mọ ilé tó ń lọ. Ṣùgbọ́n àwọn ará Kijuju kò gbọ́ Yorùbá, nítorí náà orí ẹnìkejì rẹ ni gbogbo èébú ń bọ́ sí. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti fẹ́ di ìjà gidi ni àbùkù géèmù náà ti ń wúlò. Ọ̀kan á ní, "Géèmù yìí ni kò dáa." Èkejì á ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n á jọ bú Capcom, ara á tù wọ́n. Ta ni ẹ fẹ́ di irú ẹ̀bi bẹ́ẹ̀ rù nídìí ọpọ́n ayò?

Fóònù wà lórí tábìlì àwọn méjèèjì. Wọn kì í pe ara wọn. Àfi kí ìbọn wà lọ́wọ́ kí wọ́n tó lè béèrè ara ilé.

"Màmá ńkọ́?"

"Wọ́n wà. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn lójú."

"Háà! Nígbà wo?"

"Oṣù tó kọjá. Wẹ̀yìn, wẹ̀yìn! Ẹni tó gbé ayùn ń bọ̀!"

Màmá ń ríran dáadáa báyìí, mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n oníṣẹ́ ayùn ni kò jẹ́ ká parí ọ̀rọ̀ wọn. Láti ìdáná ni ohùn kan ti wá: "Bàbá Ìbejì, àmàlà ti tutù o." Ọkọ dáhùn láìyíjú: "Má bínú, Ìyá Ìbejì, ẹnì kan ń kú lọ́wọ́ mi."

Capcom mọ irú oníbàárà tí wọ́n ní. Wọ́n tún ta géèmù kan náà fún oní-PS4 àti oní-Xbox One ní 2016, wọ́n tún tà á fún oní-Switch ní 2019. Ẹyin ṣì gba àyè kan. Ẹsẹ̀ ṣì ń dúró gbagidi. Àwọn ọ̀rẹ́ mi rà á, wọ́n tún un rà. Ní oṣù kẹta 2029, ogún ọdún á pé, wọ́n sì ti ń lérí pé àwọn ló máa já òwe àgbà nírọ́. Iléeṣẹ́ tó bí eré náà kò tilẹ̀ ní irú sùúrù yẹn: èèyàn méjì ṣì lè jọ ṣe Resident Evil 6 ti 2012, ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo ló ń ṣe Resident Evil 7, tó jáde ní 2017. Ará Peckham rà á. Ó ní iṣẹ́ tó mọ́ ni, ó ń dẹ́rù bani, òun ò rí àbùkù kankan lára rẹ̀. Kò ṣe é dé ìdajì. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní gbogbo ìgbà tí òun kú nínú rẹ̀, kò sẹ́ni tó jẹ̀bi.