Ìjàpá, Alága Ọ̀rọ̀ Ẹṣin

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!
Àlọ́ mi dá fìrìgbágbòó, ó dá lórí Ìjàpá, ó dá lórí Ẹṣin.

Ní ìlú kan tó jọ Ìjẹ̀bú-Òde, Ẹṣin lọba lọ́jọ́ kẹta Iléyá. Wọ́n á di gàárì aláràbarà lé e, wọ́n á so ṣaworo mọ́ ọn lọ́rùn, ìbọn ṣakabùlà á máa dún, ìdílé àwọn Balógun á máa gùn ún wọ ojúde ọba. (Ẹ̀yin náà rí i ní 2024, nígbà tí àwòrán àwọn ẹlẹ́ṣin Ìjẹ̀bú gba orí fóònù gbogbo wa.) Ilẹ̀ ọjọ́ kẹrin mọ́, Ẹṣin di ẹni tí ń ṣu sí títì.

Ni ìlú bá yan ìgbìmọ̀ lórí ọ̀rọ̀ ẹṣin. Ìjàpá ni alága, Adìyẹ ń kó owó. Ewúrẹ́ akọ̀wé ló ń ṣojú àwọn ẹlẹ́sẹ̀ pátákò.

Ẹṣin bẹ̀bẹ̀ fún omi lẹ́bàá ọ̀nà, ipa ọ̀nà oníyanrìn, torí ọ̀dà títì ń jó o lẹ́sẹ̀, àti dókítà ẹran kan. Ó ní òun ló gbé jagunjagun Ọ̀yọ́ Ilé, òkè Ọya ni wọ́n sì ti ń ra òun wá, torí eṣinṣin inú igbó ń pa òun. Dókítà kì í ṣe fáàrí. Àmọ́ ìdúró Ìjàpá ni wọ́n fi wọn ilẹ̀kùn ilé ìpàdé. Ẹṣin tẹrí títí, etí nìkan ló wọlé.

Adìyẹ ní, "Ó ti wọlé. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó wà níjokòó."

Òfin jáde: ẹṣin ò gbọdọ̀ gba títì, ò gbọdọ̀ jẹ koríko etí ọ̀nà, ẹni tó bá sì ni ín yóò sanwó orí pátákò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Baba ẹlẹ́ṣin, tí eèrí ọkà bàbà ti jẹ lówó tán, ká ọwọ́ lérí.

Ọdún yípo. Ìjàpá wọ ẹtù, ó wé láwàní. "Ẹṣin ọ̀rẹ́ mi, bẹ̀rẹ̀ kí n gùn ọ́." Ẹṣin gbórin:

Ìjàpá, títì ni ká gbà o
*Kútúpà, kútú*
Òfin ní n má gba títì mọ́
*Kútúpà, kútú*
Pátákò mẹ́rin, owó mẹ́rin
*Kútúpà, kútú*
Ìwọ náà pọ̀n mí relé ọba
*Kútúpà, kútú*

Ìlù ti ń dún lójúde, ọba ti jókòó. Ìjàpá ní kí Ewúrẹ́ sáré pe ìgbìmọ̀ sílé ìpàdé.

"Ilé ìpàdé kẹ̀, Alága?"

Ìjàpá wo Ẹṣin lókè lọ́hùn-ún. Ó ká ẹtù sókè, ó jókòó sínú eèrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùjẹ ẹran, ó ní kí akọ̀wé gbé ìwé wá síbẹ̀.