Bàbá Tí Kò Dé Oko Ọmọ Rẹ̀

Ọmọ tí kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn rí, yóò ní kò sí oko tó tóbi tó ti bàbá òun. Àgbà ló máa ń fi òwe yìí na ọmọdé, ṣùgbọ́n lóde òní, àgbà gan-an ló tọ́ sí. Ọmọ ìwòyí ti fi fóònù dé oko gbogbo ayé. Bàbá ni kò kúrò nínú ààlà tirẹ̀: ìwé àdúrà òwúrọ̀, ìwé bí èèyàn ṣe ń di olówó, àti ìwé ìròyìn tó bá ń yin ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀. Ẹ fi ìtàn abanilẹ́rù tí wọ́n kọ fún ọ̀dọ́ lé e lọ́wọ́, yóò yọ ṣùtì: "Ti ọmọdé nìyẹn." Bó bá rí àjẹ́ nínú rẹ̀, ó di ti Èṣù.

Ní Ìlobùú àti Ifọ́n-Ọ̀ṣun ni ṣùtì yìí ti ń pa mí lẹ́rìn-ín jù. Ìlobùú ló ni Erinlẹ̀, ọdẹ tó wọlẹ̀ tó di odò. Ifọ́n ló ni Òrìṣà Olúfọ́n, arúgbó aláṣọ funfun tó lọ kí Ṣàngó ní Ọ̀yọ́, tí wọ́n pè ní olè ẹṣin, tí wọ́n tì mọ́lé títí òjò fi kọ̀ tí kò rọ̀. Ọmọ irú ìlú bẹ́ẹ̀ ló wá ń sọ pé ìtàn iwin kò bá òun lára mu!

Èmi náà ní ààlà tèmi: ìtàn ogun Kírìjì àti ti ọba ni mo máa ń kà. Ọwọ́ ọmọ àbúrò mi ni mo ti rí Akata Witch, ìwé ìtàn tí Nnedi Okorafor, ọmọ Ìgbò tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 2011. Sunny, ọmọ ọdún 12, jẹ́ àfín. Oòrùn kì í jẹ́ kó gbá bọ́ọ̀lù lọ́sàn-án. Ó wo iná àbẹ́là, ó rí òpin ayé. Òun àti ọ̀rẹ́ mẹ́ta ni àwọn àgbà rán lọ kojú Black Hat Otokoto, ajọ́mọgbé tó ń fi ọmọdé ṣètùtù. Ẹni tó bá rántí ọmọ tí wọ́n pa ní òtẹ́ẹ̀lì Otokoto ní Owerri ní 1996 yóò mọ̀ pé orúkọ yẹn kì í ṣe àròsọ lásán. Ohun tó bà mí lẹ́rù jù kì í ṣe ẹ̀jẹ̀: àwọn àgbà tó rán àwọn ọmọ náà mọ̀ pé wọ́n lè kú, wọ́n sì rán wọn bẹ́ẹ̀. N kò lè gbé ìwé náà sílẹ̀.

Àfín, ẹni òrìṣà aláṣọ funfun! Ó yẹ kí Ifọ́n ti kọ irú ìwé yìí ṣáájú Amẹ́ríkà.

Ṣé kí n rán bàbá wa létí Fágúnwà? Ní 1938 ni ìwé rẹ̀, Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀, jáde, ilé ìwé sì ni ọ̀pọ̀ àgbà ti kà á. Títí dòní, bí ẹ bá dárúkọ Àgbákò, abàmì ẹ̀dá inú ìwé náà, ojú bàbá á tàn. Ìyẹn kì í ṣe ti Èṣù o, lítíréṣọ̀ ni, nítorí pé tíṣà mú pàṣán dání nígbà tí wọ́n ń kà á, ìdánwò sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Bàbá yìí kan náà ló ń fi ohùn ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí lórí WhatsApp ní ìdájí: ẹnì kan ṣa owó nílẹ̀, ó di iṣu, ẹ tètè fi ránṣẹ́ sí ẹni mẹ́wàá. Ìtàn abanilẹ́rù ponbele, tí kò ní òǹkọ̀wé, tí kò sì lópin. Ọmọ àbúrò mi gbọ́ ọ tán, ó fèsì tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀: "Ẹ ṣeun, Bàbá. Iṣu yẹn, ṣé wọ́n sè é?"