Olófófó Orí Sáfà

Ẹ fa àpótí jókòó, ẹ̀yin ará ilé, ṣùgbọ́n ẹ má sọ pé ẹnu mi lẹ ti gbọ́ ọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin yàrá ẹ̀gbẹ́ ìloro yìí, tí gbogbo yín ń pè ní ọ̀lẹ, iṣẹ́ ló ń ṣe o! Sáfà ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ló ń ṣọ́ láti orí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Fèrèsé rẹ̀ ló kọjú sí ibi tí mo ti ń ṣa ẹ̀wà, etí ò sì kúkú ní ìlẹ̀kùn.

Linux ni sáfà ọ̀hún ń lò, iptables ló fi ṣe firewall, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Òfin kọ̀ọ̀kan nínú iptables ló máa ń ka packet, ìyẹn ẹyọ dátà, tó bá a mu, pẹ̀lú iye báìtì wọn, ẹnikẹ́ni ò bẹ̀ ẹ́. O tẹ iptables -L -n -v, iye náà jáde. Bó bá ti pọ̀ jù, á fi K tàbí M gé e kúrú. O fi -x kún un, á tú u sílẹ̀ láìku ẹyọ kan. Irú -x yìí gan-an la ń wá fún owó iná tí bàbá onílé ń gbà lọ́wọ́ wa.

Iye ni òǹkà yìí, tí wọ́n ń pè ní counter, mọ̀ o, kò mọ ẹni tó wá. Òfin LOG, tó ń kọ ìròyìn packet sílẹ̀, ló mọ ìyẹn. SRC á sọ àdírẹ́sì ibi tí àlejò ti wá, DPT á sọ port tó ń kàn. Port 22 ni àwọn tó ń wá ọ̀nà SSH ń kàn tọ̀sán-tòru. Port 23 sì ni kòkòrò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Mirai gbà kó kámẹ́rà àti rúta lẹ́rú lọ́dún 2016, torí àwọn olówó wọn kò yí password tí wọ́n bá nínú páálí padà. Ẹ má wojú ara yín, mo mọ ẹni tí kò tíì yí tiẹ̀ nínú ilé yìí.

Ibi tó ti dùn nìyí. Ọmọ yìí kọ òfin LOG, ó tò ó sábẹ́ DROP, òfin tó ń gbé packet sọnù. Ilẹ̀ mọ́, log ṣófo. Ó ń yọ̀: "Àwọn olè ti sá!" Sá lọ síbo? Òfin òkè ni iptables kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò. DROP ti gbé wọn sọnù kí wọ́n tó dọ́dọ̀ LOG. Counter ló tú àṣírí: ti DROP ń gòkè, ti LOG jókòó sórí 0. Ló bá gbé LOG lọ sókè. Àmọ́ LOG kì í dá ẹnikẹ́ni dúró. Olófófó bíi tèmi ni, á ròyìn rẹ tán, á ní kí o máa lọ bá òfin tó kàn.

Ni LOG bá rojọ́, ó rojọ́, kern.log, fáìlì tí ìròyìn rẹ̀ ń lọ, wú títí àyè /var fi kún, sáfà ò ríbi kọ nǹkan sí mọ́. Ọ̀gá rẹ̀ ń pariwo lórí fóònù, èmi náà rọra sún ọpọ́n ẹ̀wà mọ́ fèrèsé. -m limit, tó ń dín ìròyìn LOG kù, ló gbà á sílẹ̀. Bí o kò bá dá iye kan fún un, márùn-ún àkọ́kọ́ ló máa jẹ́ kí LOG kọ, lẹ́yìn náà mẹ́ta láàárín wákàtí. Àwọn tí kò kọ ṣì ń bá DROP pàdé, counter DROP sì ń kà wọ́n pé. Ta ló wá fẹ́ ìròyìn gbogbo olè, nígbà tí iye wọn ò sọnù?

Mo sọ fún bàbá àwọn ọmọ mi. Ó ní kí wọ́n fi limit ọ̀hún sí èmi náà lẹ́nu, mẹ́ta láàárín wákàtí. Mo ní ó dáa, ṣùgbọ́n wọn ò gbọdọ̀ fi márùn-ún àkọ́kọ́ dù mí. Èyí tí mo sọ yìí ni ìkíní. Ìkejì: ẹ ti gbọ́ ohun tí ìyá ẹlẹ́rọ ata ṣe lánàá?