Igba Ojú, Ọgọ́rùn-ún Ẹnu

Àwọn àgbà ní ojú kan ní í bí ọmọ, igba ojú ní í wò ó. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà tí ó pa òwe yìí kò gbé Lọ́ńdọ̀nù rí, nítorí bí wọ́n bá gbé ibẹ̀ ni, wọn ì bá fi kún un pé ojú mẹ́rin péré ní í wò ó níbẹ̀, àti pé méjì nínú mẹ́rin náà á máa tòògbé. Ní ìlú Ọba, ọjọ́ tí ilé-ìwé bá tì fún ìsinmi ni iṣẹ́ òbí ń bẹ̀rẹ̀: ọmọ ní í sinmi, bàbá àti ìyá ní í ṣe làálàá, tí wọ́n á máa pín àyè tí ọ̀gá fún wọn lẹ́nu iṣẹ́ bí ẹni ń pín ẹran Iléyá, kí èmi mú ọjọ́ Ajé, kí ìwọ mú ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí á sì sanwó fún alágbàtọ́ ní èyí tí ó kù. Ìdí nìyí tí èmi àti aya mi fi pinnu pé, bí oṣù Kẹjọ bá ti wọlé, a ó kó àwọn ọmọ wa méjèèjì, ọkùnrin ọlọ́dún mẹ́jọ àti obìnrin ọlọ́dún márùn-ún, lọ sí Arimogija ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ́, ìlú àwọn olóko kòkó tí kò jìnnà sí ààlà ilẹ̀ Ẹdó, kí wọ́n lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ ìyá mi.

Òfin ìlú Ọba sọ pé ọmọdé kò gbọdọ̀ wọ mọ́tò láìsí àga tirẹ̀, àfi bí ó bá pé ọmọ ọdún 12 tàbí tí ó bá ga tó sẹ̀ǹtímítà 135, èyí tí ó bá ṣáájú nínú méjèèjì. Àwa tí a ti di ẹrú òfin ru àga méjì gba ojú ọ̀run kọjá, a rù wọ́n dé Àkúrẹ́, a rù wọ́n dé Ọ̀wọ̀, títí a fi dé ibi tí a ó ti wọ ọkọ̀ apá Ifọ̀n, tí awakọ̀ wò wá títí, tí ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé àga ni ẹ ń kó lọ tà ni?" Mo ka òfin náà fún un. Ó fara balẹ̀ gbọ́ ọ dópin gẹ́gẹ́ bí ọmọlúàbí, ó gbé àga méjèèjì sọ sáàárín àpò ẹ̀wà lórí ọkọ̀, ó sì gbé ọmọbìnrin mi lé itan ìyá arúgbó kan tí ojú wa kò kàn rí. Kí á tó yà sí ọ̀nà ìlú wa, ìyá náà ti mọ ohun tí ọmọ yìí ń jẹ àti ohun tí kì í jẹ, ó sì ti bá mi wí pé n kò kọ́ ọ ní ìkúnlẹ̀.

Bí a ti sọ ẹrù kalẹ̀ báyìí ni àwọn ọmọ bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Ní Lọ́ńdọ̀nù, kí ọmọ kan tó lè bá ọmọ mìíràn ṣeré nínú ilé, ìyá méjèèjì yóò ti kọ̀wé síra wọn títí: ọjọ́ wo, aago mélòó, oúnjẹ wo ni kì í bá a lára mu, ta ni yóò wá mú un? Ní Arimogija, wọ́n ti jẹ iyán ní ilé kìíní, wọ́n ti jẹ àgbàdo sísun ní ilé kejì, wọ́n sì ti ṣojú àánú ní ilé kẹta bí ẹni tí kò jẹun láti àná, kí oòrùn tó kan àtàrí. Ọmọkùnrin mi, tí a máa ń mú lọ sí oko kékeré tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ìgboro Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí a ti ń fi owó ra oúnjẹ kí á tó máa bẹ ewúrẹ́ pé kó jọ̀wọ́ jẹ ẹ́, wá rí ewúrẹ́ ilé ìyá mi tí kò dúró kí ẹnikẹ́ni bẹ òun: ó já iṣu gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì tún padà wá fún fìlà. Ní ti àbúrò rẹ̀, tí a ń lé lọ sùn ní aago méje láìbi í léèrè, ìyá mi wò ó lójú, ó ní ìyá òun ni ó tún wá sáyé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí pè é ní "ìyá mi." Lálẹ́ ọjọ́ náà tí mo ní kó wá wẹ̀, ó ní ìyá ìyá bàbá kì í gba àṣẹ lẹ́nu bàbá. Ìyá mi ní òótọ́ ni.

Báyìí ni èmi àti aya mi jókòó lásán, tí a kò mọ ohun tí à bá fi ọwọ́ wa ṣe. Aya mi sun oorun ọ̀sán. Iná mànàmáná kò sí, ẹ̀rọ tí àwọn ọmọ fi ń wo àwòrán sì kú ní ọjọ́ kejì, kò sí ẹni tí ó ṣọ̀fọ̀ rẹ̀.

Àbúrò bàbá mi, àgbàlagbà tí kì í fi àṣà ṣeré, ní kí a dúró di oṣù Kẹsàn-án, kí àwọn ọmọ lè wo ọdún Igogo ní Ọ̀wọ̀, kí wọ́n rí Ọlọ́wọ̀ tí yóò dirun bí obìnrin ní ìrántí ayaba Oronsen, kí wọ́n sì rí ìlú ńlá tí ẹnikẹ́ni kò ní í lùlù, tí ẹnikẹ́ni kò ní í dé fìlà, tí ó jẹ́ pé agogo ni yóò máa dún. Mo ní, "Bàbá, ilé-ìwé á ti wọlé." Mo ṣàlàyé pé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí ọmọ bá pa ilé-ìwé jẹ fún ọjọ́ márùn-ún láìgbàṣẹ, wọ́n lè bu owó ìtanràn £80 lé òbí kọ̀ọ̀kan lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan, òbí méjì, ọmọ méjì, ó di £320, bí a kò bá sì san án láàárín ọjọ́ 21, ó di ìlọ́po méjì. Bàbá dákẹ́ pẹ́. Ó ní, "Ọmọ ta tilẹ̀ ni àwọn ọmọ yìí?" Mo ní ọmọ mi ni. Ó ní, "Ó dáa. Mo rò pé ńṣe lo yá wọn ni."

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀fẹ́ ni ìtọ́jú ilé. Ẹni tí ó bá mọ ìṣirò yóò mọ̀ pé ọgọ́rùn-ún ènìyàn ni ó ni igba ojú, ọgọ́rùn-ún ènìyàn kò sì lè ṣe aláìní ọgọ́rùn-ún ẹnu. Láti ìdájí ni wọ́n ti ń wọlé: "Ẹ kú àbọ̀ o, ẹ kú ewu ọ̀nà, a kò ní í rìn ní ọjọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà", bí a bá sì ti dáhùn àmín tán, a ó gbọ́ pé àwọn ni wọ́n gba ọmọ wa sílẹ̀ lọ́wọ́ ewúrẹ́. Ewúrẹ́ kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n àwọn olùgbàlà kún ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Mo wá rántí àwọn tí ó ṣáájú wa dé Lọ́ńdọ̀nù, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ọdún 1950 sí 1970, tí wọ́n ń fi ìpolówó sínú ìwé ìròyìn Nursery World pé kí àwọn òyìnbó bìnrin bá wọn gba ọmọ tọ́, kí àwọn lè ríbi kàwé kí wọ́n sì ríbi ṣiṣẹ́. Àwọn ènìyàn bú wọn nígbà náà pé ọ̀dájú ni wọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tí a bí ní ilé tí ọmọ ti lè dàgbà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ láìjẹ́ ìtìjú kì í ṣe ọ̀dájú. Ńṣe ni wọ́n ń wá ẹ̀gbọ́n ìyá nínú ìwé ìròyìn. Owó ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n fi ń san án, àwọn ọmọ kan bọ́ sọ́wọ́ rere, àwọn mìíràn sì gbàgbé èdè bàbá wọn.

Nítorí náà, kò sí ibi tí a kì í ti í sanwó. Ní òkè òkun, alágbàtọ́ á gba tirẹ̀, á já rìsíìtì, ọ̀rọ̀ á tán. Ní Arimogija kò sí rìsíìtì, gbèsè náà kì í sì í tán, nítorí ẹni tí ó bá ọ gbọ́mọ lónìí ti di ìbátan tí yóò fi aṣọ ẹbí ránṣẹ́ sí ọ lọ́la. Bí a bá bi mí pé èwo ni ó wọ́n jù, n ó ní ti ilé ni. Bí a bá sì bi mí pé èwo ni mo fẹ́ san, n ó ní ti ilé náà ni, bí kò bá ṣáà ti ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, nítorí bí ó bá di oṣù kan, owó mi yóò tán kí ìfẹ́ ìlú mi tó tán, aya mi yóò sì ti mọ adùn oorun ọ̀sán débi pé èmi nìkan ni yóò ru àga méjèèjì padà.